Eyín kan péré ni dókítà wò, ó sì gbowó lọ́wọ́ mi

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí nínú àwọn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń dunni lójijì ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí pé ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ sí mi létí lójoojúmọ́ níbi tí mo ti ń tọ́jú eyín níhìn-ín ní Ìkòròdú, ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún báyìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹja yíyan ni mo ń tà ní Ẹ̀bútè. Eyín mi kan nísàlẹ̀ lápá òsì ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sùn fún òru mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ó bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Ó wo eyín kan péré, ó fi irin gbá a, ó ya àwòrán rẹ̀, ó ní òun ò ní í yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbẹ́ ẹ, ó ki nǹkan bọ̀ ọ́, ó ní kí n padà wá. Kò tiẹ̀ wo àwọn eyín tó kù. Mo sì sanwó. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ mi jẹ? — Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀bútè.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrora. Òru mẹ́ta kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, iṣẹ́ tó yẹ ni dókítà náà ṣe. Wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Oríṣi àyẹ̀wò méjì la máa ń ṣe. Ọ̀kan ni ti gbogbo ẹnu: a ó ka eyín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 32 ni tí wọ́n bá pé lẹ́nu àgbàlagbà, a ó wọn ẹran ìdí eyín yí ká, a ó wo ahọ́n, abẹ́ ahọ́n, òkè ẹnu, gbogbo kọ̀rọ̀. Ìyẹn ń gba àkókò, ìgbà tí ara bá tù wá ló dáa ká ṣe é. Ìkejì ni ti ibi tó ń dùn nìkan. Ẹni tí iná ń jó lórí òrùlé rẹ̀ kò ní kí panápaná kọ́kọ́ wá ka iye yàrá tó wà nínú ilé. Ibi tí èéfín ti ń jáde ni wọ́n ń kọjú sí. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín nìyẹn, owó rẹ̀ náà lẹ san.

Ẹ ní ó bi yín ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Òótọ́ ni, èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ wa ló wà nínú ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu ara yín sọ, ìdí rẹ̀ sì rèé. Ìhà òde eyín, tó funfun yẹn, ni ohun tó le jù lọ lára èèyàn. Ó le ju egungun lọ. Kò ní iṣan kankan. Ìdí nìyẹn tí eyín fi lè máa jẹrà fún oṣù gbọọrọ kí ẹni tó ni ín má mọ̀. Àárín gbùngbùn ni mùdùnmúdùn eyín wà, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti iṣan rẹ̀ wà. Bí kòkòrò àìfojúrí bá gbẹ́ dé ibẹ̀, mùdùnmúdùn á fẹ́ wú, bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣe ń wú tá a bá fi gbá òkúta. Àmọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ríbi wú sí. Mùdùnmúdùn eyín kò rí, inú yàrá tó le bí àpáta ló há sí. Tẹ́ ẹ bá wá dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí á pọ̀ sí i, yàrá náà á tún há mọ́ ọn sí i. Ohun tó ń mú kí eyín jí èèyàn ní aago méjì òru nìyẹn, tó sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ béèyàn bá dìde jókòó.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi yín pé ṣé omi tútù ń ta á, ìdáhùn yín wúlò gan-an ni. Bó bá ta yín tó sì lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mùdùnmúdùn ṣì lè yè. A ó gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kúrò, a ó dí i. Bí títa náà bá dúró fún bí ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí eyín ń dùn fúnra rẹ̀ láìsí ohun tó kàn án, mùdùnmúdùn yẹn kò ní í padà bọ̀ sípò mọ́. Bí eyín kò bá mọ òtútù mọ́ rárá, àmọ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kàn án lórí báyìí ẹ ó ké, ó ti kú nìyẹn, ọyún sì lè ti máa gbá jọ sí ìdí gbòǹgbò rẹ̀. Irin tí dókítà fi gbá a, ìdí dígí kékeré tá a fi ń wo ẹnu ni. A kì í gbá a líle. Ojú yín là ń wò bá a ṣe ń gbá a.

Ẹ gbọ́ èyí. Télọ̀ kan láti Sábó wá bá mi, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mú. Ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi yọ eléyìí, ìsàlẹ̀ níbí, ẹ má wulẹ̀ bi mí ní nǹkan kan." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré." Mo gbá eyín ìsàlẹ̀ tó nàka sí, kò mira. Mo fi òwú tútù kàn án, ó ní ó tutù, ó sì lọ. Mo wá lọ sí òkè, ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí mo ṣe fi òwú kan eyín kejì láti ẹ̀yìn, ọkùnrin náà fò dìde lórí àga. Àwòrán ẹ́síréè fi hàn pé ihò wà láàárín eyín méjì, níbi tí ojú kò lè dé. Orísun iṣan kan náà ló ń gbé ìròyìn eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, ọpọlọ a sì máa ṣi ilé mọ̀. Ká ní mo ṣe ohun tó ní kí n ṣe, eyín tí kò ṣẹ̀ ni ǹ bá yọ, ìrora á sì bá a délé.

Ìgbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe eyín. Mo ti rí ẹni tí gbogbo eyín òkè ń dùn, tó jẹ́ pé ọ̀fìnkìn ló dí ihò inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá sì ń gun àtẹ̀gùn, tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, tó bá jókòó sinmi tó sì lọ, ẹ jọ̀ọ́, kó sáré lọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ eyín kọ́ nìyẹn.

Kí ló dé tí kò yọ ọ́ lọ́jọ́ náà? Bí mo ṣe rò ó, ó rí i pé eyín náà ṣeé gbà là. Ó ṣí i, ó kó mùdùnmúdùn tó ti ń jẹrà kúrò, ó fi oògùn sí i, ó sì dí i fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó fi dí i yẹn kò lágbára, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló wà fún. Ẹ̀bẹ̀ mi rèé, ìyá: ẹ padà lọ. Oorun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ sùn lẹ́yìn òru mẹ́ta yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọn á ní ó ti tán. Ohun tí wọ́n fi dí i á ṣí, itọ́ àti oúnjẹ á wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú lójijì lẹ́yìn oṣù mélòó kan, eyín tí wọn ì bá máa fi jẹran títí di ọjọ́ ogbó á wá di yíyọ.

Ibi kan wà tí mo ti bá dókítà yín wí o. Ó yẹ kó ṣàlàyé gbogbo èyí kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa gbà á. Ẹni tí kò sùn fún òru mẹ́ta, tó fi ẹja sílẹ̀ lórí iná wá sọ́dọ̀ wa, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é, ohun tá a ṣe sí i, àti èyí tó kù. Tẹ́ ẹ bá padà débẹ̀, ẹ bi í pé: Kí ni àwòrán yẹn fi hàn? Ọ̀nà méjì wo ló wà níwájú mi, eélòó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Kó tún dájọ́ fún yín fún àyẹ̀wò gbogbo ẹnu, torí eyín tó bàjẹ́ kì í sábà dá wà.

Ohun kan tún wà tẹ́ ò kọ, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un. Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé ẹ ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn? Ṣé oògùn kan wà tí ara yín ò gbà? Ẹ kó ike oògùn yín dání, ẹ má fi ẹnu lásán ròyìn rẹ̀ pé "funfun roboto kan báyìí." Aláboyún náà kó sọ̀rọ̀ kíá, ó ṣeé tọ́jú, kò sì yẹ kó máa jẹ̀rora títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde (sickle cell) náà ńkọ́, òun ni kó tiẹ̀ tètè dé jù.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun há ihò eyín. Bàbá mi pẹja ní Bàyékù. Mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eyín mú un, ẹnì kan sì ní kó rẹ òwú sínú omi bátìrì kó fi há a. Ásíìdì ni omi bátìrì. Ẹran ìdí eyín rẹ̀ jó, ó bó, egungun yọ síta. Eyín mẹ́ta ló bá a lọ. Títí bàbá mi fi kú, apá kan ẹnu ló fi ń jẹun, ìkọ́kọrẹ́ sì ni oúnjẹ kan ṣoṣo tó lè jẹ láìfọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun ni mo máa ń rántí tí aláìsàn bá ya ẹnu tí mo sì rí ibi tó bó funfun.

Alábùkún náà ń kọ́? Ọmọ bíbí Ìkòròdú ni Jacob Odulate tó ṣe é ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1918, orí mi sì máa ń wú tí mo bá ń sọ ọ́. Àmọ́ aspirin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú caffeine. Gbígbé mì ni wọ́n ń gbé e mì. Tẹ́ ẹ bá dà á sí ìdí eyín, á jó ẹran ibẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kó má fọwọ́ kàn án, ọmọdé pẹ̀lú. Àgbàlagbà tí kò ní ọgbẹ́ inú, tí kíndìnrín rẹ̀ dáa, tí kò sì lóyún, lè lo ibuprofen 400 mg pẹ̀lú paracetamol, lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn méjèèjì pọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún eyín. Kí paracetamol oníhóró 500 mg má ṣe ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24.

Kápúsù aláwọ̀ méjì tí kẹ́mísì máa ń gé tà, ìyẹn oògùn apakòkòrò, fún irú eyín tiyín yìí, kò wúlò. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri ara. Mùdùnmúdùn tó ti kú kò ní ẹ̀jẹ̀ mọ́, ọ̀nà wo ni oògùn máa gbà débẹ̀? Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde lórí èyí lọ́dún 2019: níbi tí wọ́n bá ti lè tọ́jú eyín náà gan-an, kí wọ́n má ṣe fún ọ̀pọ̀ àwọn tí mùdùnmúdùn eyín ń dùn ní oògùn apakòkòrò.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Orò ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó mi wú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí eyín ìsàlẹ̀ kan ti ń dùn ún. A ra kápúsù. Ilẹ̀ mọ́, obìnrin ò lè jáde, a ní ká dúró. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti le bí igi, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Ọlọ́run yọ ọ́. Báwo ni eyín lásán ṣe fẹ́ pa èèyàn? — Ọkọ kan, Ìsẹ̀lẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, àìsàn tí dókítà ará Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ṣàpèjúwe lọ́dún 1836 ló jọ, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pe àìsàn ọ̀hún títí dòní. Kí oògùn apakòkòrò tó dé, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó bá ṣe tó ń kú. Gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ gùn wọnú egungun àgbọ̀n, ọyún tó bá já níbẹ̀ lè bọ́ sí abẹ́ ahọ́n àti sí ọrùn. Á ti ahọ́n sókè àti sẹ́yìn. Ahọ́n yẹn ló máa ń dí ọ̀nà èémí.

Irú èyí kọjá ilé ìtọ́jú eyín kékeré bíi tiwa. Tẹ́ ẹ bá rí wíwú lábẹ́ àgbọ̀n, tàbí ojú tó fẹ́ dí nítorí wíwú, tàbí ẹnu tí kò ṣí tó ìka méjì, tàbí itọ́ tí kò ṣeé gbé mì, tàbí ohùn tó yí padà pẹ̀lú ibà, ọsibítù ńlá tó ní ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ forí lé, òru ni o, ọ̀sán ni o. Ẹ pe 112 tàbí 767 ní ìpínlẹ̀ Èkó níbí. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná jó o. Níbí ni oògùn apakòkòrò ti wúlò gidigidi, tí wọ́n á fi omi fà á sí i lára, tí wọ́n á sì la ibi tó wú kí ọyún ráyè jáde.

Ní ti Orò, ọmọ Ìkòròdú ni èmi náà, mo sì mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí nínú ilé. Mi ò ní sọ̀rọ̀ àṣà láìdáa. Ṣùgbọ́n ẹ ní alẹ́ ló wú, ọ̀nà sì ṣí lálẹ́ yẹn. Eyín sì ti ń dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àyẹ̀wò eyín kan péré, irú èyí tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń bínú sí lókè yẹn, ni ì bá gba ìyàwó yín lọ́wọ́ ọjọ́ mọ́kànlá. Mo kọ èyí pẹ̀lú omi lójú, torí kì í ṣe òun nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọyún eyín ń ràn lára wọn báyìí ló ní in tí wọn ò mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ni mí ní Ìmọ̀tà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan forí sọ òpó bọ́ọ̀lù, eyín iwájú kan sì yọ tọwọ́ tẹsẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo fi tíṣù dì í, ìyá rẹ̀ sì gbé e dé ọsibítù lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ní ó ti pẹ́. Kí ló yẹ kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, kò sẹ́ni tó kọ́ yín. Eyín àgbà ni eyín iwájú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ di orí eyín mú, níbi tá a fi ń gé nǹkan jẹ. Ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára gbòǹgbò yẹn tó ṣì wà láàyè, òun ló máa mú eyín padà lẹ̀ mọ́ egungun. Fífọ̀ tó pọ̀ ń bó o, tíṣù ń gbẹ ẹ́. Bí yẹ̀pẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ ṣàn án fìrí, ẹ dá a padà sínú ihò rẹ̀ níbẹ̀ níbẹ̀, kí iwájú rẹ̀ kọjú síta, kí ọmọ gé aṣọ ìnujú jẹ kó má bàa yẹ̀. Bí àyà yín ò bá gbà á, ẹ gbé e sínú mílíìkì tútù, tàbí kí ọmọ tutọ́ sínú ife kẹ́ ẹ jù ú sínú itọ́ rẹ̀. Kó dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín láàárín wákàtí kan, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Eyín àkọ́hù nìkan ni a kì í dá padà, torí ó lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ sọ fún ìyá ọmọ náà kó ṣì mú un wá. Eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo yẹn náà lè ti fara gbá nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì lè máa kú díẹ̀díẹ̀ láìdun ọmọ náà, títí àwọ̀ wọn á fi ṣú.